Gìtá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ: ọ̀sẹ̀ 30 àkọ́kọ́

Ẹ̀yìn ìwé tí mo fi ń kọ ìwọ̀n aṣọ àwọn oníbàárà ni mo ti ń kọ èyí bọ̀ láti oṣù kẹjọ tó kọjá. Ẹni ọdún 44 ni mí, télọ̀ ni mí n'Íbàdàn. Nígbà tí àjọ kàn mí, mo yọ díẹ̀ níbẹ̀, mo fi ra gìtá onígi tí kì í lo iná, nítorí ó ti pẹ́ tó ti ń wù mí. Mo da àwọn ibi tó ṣe pàtàkì kọ síbí fún ẹni tó bá ti dàgbà kó tó bẹ̀rẹ̀, torí ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti fẹ́ jáwọ́.

Ọ̀sẹ̀ 1

Okùn mẹ́fà, láti orí èyí tó ki jù dé orí èyí tó tín-ín-rín jù: E, A, D, G, B, E. Mo gba áàpù kan sórí fóònù tó ń sọ fún mi bí okùn bá dẹ̀ jù tàbí tó le jù. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ìdajì wákàtí ni mo fi wá ohùn wọn, ẹ̀rù sì ń bà mí pé okùn á já sí mi lójú. Abẹ́rẹ́ ti gún mi láìmọye ìgbà nínú ọdún 20 tí mo ti ń ránṣọ, ṣùgbọ́n oró okùn irin yàtọ̀. Ó ń fi ilà sílẹ̀ lórí ìka òsì, ibẹ̀ á pọ́n, bí mo bá fi gbá ife tíì mú, kíá ni màá gbé e sílẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ 3

Awọ ìka ti ń le. Mo mọ kọ́ọ̀dù mẹ́ta, ìyẹn ibi téèyàn ti ń tẹ okùn mélòó kan pọ̀ kí ohùn wọn lè jáde lẹ́ẹ̀kan náà: G, C àti D. Bí mo ṣe ń wọn ara mi rèé: mo ń fi aago fóònù sí ìṣẹ́jú kan, màá wá ka iye ìgbà tí mo lè kúrò lórí G bọ́ sórí C tí okùn kankan ò ní kú, ìyẹn kó má dún. Mẹ́sàn-án.

Ọ̀sẹ̀ 6

Mọ́kànlá. Láti ọ̀sẹ̀ méjì gbáko, orí mọ́kànlá ni mo wà. Mo ti sọ fún ọkọ mi pé kó bá mi wá ẹni tó máa ra gìtá, pé orí mi ò gbà á.

Ọmọkùnrin kan tó ń ta gìtá ní ṣọ́ọ̀ṣì wá gba ṣòkòtò tó gbé fún mi rán. Ó rí gìtá lórí àga, ó gbé e, ó tẹ okùn kan ṣoṣo, ó ní, "Màámi, ẹ̀bi yín kọ́ o. Okùn yìí ga jù. Ẹ wo bó ṣe jìnnà sí igi." Ó ní kí n mú tépù wá. A wọ̀n ọ́n níbi irin kejìlá nínú àwọn irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó dábùú ọrùn gìtá: mìlímítà mẹ́rin. Ó ní ibi tí òun fẹ́ ni mẹ́ta dín díẹ̀. Ó tú okùn, ó yọ egungun funfun pẹlẹbẹ tí àwọn okùn ń gùn nísàlẹ̀, ó tẹ́ sáńpépà sórí tábìlì tí mo fi ń gé aṣọ, ó ń rin ìdí egungun náà díẹ̀díẹ̀. Á rin ín, á dá a padà, á wọ̀n ọ́n, á tún yọ ọ́. Ó ní ohun tí òun bá rin kúrò níbẹ̀, ìdajì rẹ̀ ló ń hàn níbi irin kejìlá, àti pé ohun téèyàn bá ti rin kúrò ò ṣeé lẹ̀ padà, ìdí nìyẹn tí kò fi yẹ kéèyàn kánjú. Mo mọ ìwà yẹn dáadáa. Aṣọ téèyàn gé ju bó ṣe yẹ lọ náà ò ṣeé lẹ̀ padà. Mi ò gba owó ìránṣọ lọ́wọ́ rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, mẹ́rìndínlógún.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí ẹni tó mọ̀ ọ́n ta fọwọ́ kan gìtá yín kẹ́ ẹ tó dá ara yín lẹ́bi.

Ọ̀sẹ̀ 12

27. Mo ti fi kọ́ọ̀dù Em kún un.

Ọ̀sẹ̀ 18 sí 21

Kérésìmesì. Aṣọ ẹbí, aṣọ ọmọdé, aṣọ ìdúpẹ́. Fún odidi ọjọ́ 25, mi ò fọwọ́ kan gìtá. Inú báàgì rẹ̀ ló wà lókè kọ́bọ́ọ̀dù.

Ọ̀sẹ̀ 22

Ọyẹ́ ti gba gbogbo ìlú. Nígbà tí mo gbé e sọ̀ kalẹ̀, kò sí okùn kan tó wà lójú ohùn rẹ̀, orí ìka mi sì ti rọ̀ padà. Kí Kérésìmesì tó dé, mo ti dé 31. Ní báyìí, 17. Mo dá a padà sínú báàgì. Ó dùn mí gan-an lọ́jọ́ yẹn, mi ò lè purọ́.

Lọ́sẹ̀ yẹn náà ni ọmọ iṣẹ́ tuntun bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ mi. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ bí mo ṣe ń kọ́ gbogbo wọn: mo yọ òwú lẹ́nu ẹ̀rọ, mo fi rúlà fa ìlà sórí bébà sìmẹ́ǹtì, mo ní kó máa wa ẹ̀rọ gba orí ìlà lọ. Ihò abẹ́rẹ́ ni mo máa ń wò. Bí ihò bá ti yà kúrò lórí ìlà, ó di bébà míì. Lọ́jọ́ kẹrin, ojú rẹ̀ ti fẹ́ dá omi, ó ní, "Mọ̀mí, ìgbà wo lẹ máa jẹ́ kí n rán aṣọ gidi?" Mo lọ mú bébà ọjọ́ kìíní wá, mo tẹ́ ẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ọjọ́ náà. Ti àkọ́kọ́ wọ́ bí ejò. Ti ọjọ́ kẹrin ti fẹ́ẹ̀ tọ́. Mo ní, "Ṣé ojoojúmọ́ ló ń wù ẹ́ láti wá?" Ó ní, "Rárá, mà. Mo kàn ń wá ni."

Ọ̀rọ̀ yẹn bá mi délé. Láti ọdún tí mo ti ń gba ọmọ iṣẹ́, kò sí èyí tí mo sọ fún rí pé kó dúró dìgbà tó bá wù ú kó tó wá. Aago méje ààbọ̀ ni, ó parí. Ṣùgbọ́n ní ti gìtá, èmi ń dúró kó wù mí, lálẹ́, lẹ́yìn tí ẹsẹ̀ àti ẹ̀yìn ti ń ro mí. Báwo ló ṣe fẹ́ wuni nírú wákàtí bẹ́ẹ̀?

Ọ̀sẹ̀ 23

Mo kan ìṣó méjì mọ́ ògiri ṣọ́ọ̀bù, níbi tí oòrùn ò dé, mo fi àjákù jínsì wé wọn kí wọ́n má baà ha gìtá lára. Ibẹ̀ ló ń wà lọ́sàn-án, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ. Lálẹ́ ó ń padà sínú báàgì, pẹ̀lú kànìnkànìn tí mo fún omi rẹ̀ kúrò dáadáa, tí mo fi sínú ọ̀rá tí mo dá ihò sí lára, kí ọyẹ́ má baà fa igi rẹ̀ ya. Bí ọmọ iṣẹ́ bá ti gbálẹ̀ tán, á jókòó ti bébà rẹ̀, èmi náà á gbé gìtá. Ìṣẹ́jú 15. Bí aago bá dún, mo gbé e kọ́, kódà bí ọwọ́ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yá.

Ọ̀sẹ̀ 26

33. Mo ti kọjá ibi tí mo wà kí ọdún tó parí.

Ọ̀sẹ̀ yìí ni mo tún rí nǹkan tó mú mi lọ́kàn gan-an. Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ jùjú, ṣùgbọ́n olórin àti gángan ni etí mi máa ń tẹ̀ lé. Mo ki íápíìsì bọ etí, mo ní gìtá nìkan ni màá wá. Láyé Túndé King, ní àwọn ọdún 1930, báńjò gìtá kan, ìyẹn gìtá tí ikùn rẹ̀ dà bí ìlù, ló sábà máa ń wà lágbo jùjú. Nígbà tí Àyìndé Bákàrè fi gìtá oníná sí i ní nǹkan bí ọdún 1949, ìlù ò bo ohùn rẹ̀ mọ́lẹ̀ mọ́, ẹgbẹ́ sì lè tóbi. Nígbà tó fi máa kan Ebenezer Obey àti King Sunny Adé, ọ̀pọ̀ gìtá ló ti ń sọ̀rọ̀ pọ̀ lójú agbo kan. Ohun tí mo wá gbọ́ ni pé ẹni tó ń ta gìtá tí wọ́n ń pè ní tẹ́nọ̀ kì í sáré rárá. Gbólóhùn kúkurú kan ló mú, òun ló ń tún sọ títí. Àlàfo tó bá fi sílẹ̀, gìtá míì á bọ́ síbẹ̀, bí omele ṣe ń gbè sí ìyáàlù. Gbogbo dídùn tí mo rò pé ó wà lọ́wọ́ ẹnì kan, àárín wọn ló wà.

Mo kọ́ gbólóhùn kan péré. Ohùn mẹ́rin lórí C, mẹ́rin lórí G. Àtàǹpàkò ń gbá okùn kíki, ìfábẹ̀lá ń fa àwọn tín-ín-rín.

Lọ́jọ́bọ̀, iná lọ nírọ̀lẹ́, a ò sì tan jẹnẹrétọ̀. Mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, mo ń tún gbólóhùn mi sọ. Nígbà tó yá, mi ò rí ọrùn gìtá dáadáa mọ́, ìka ló ń wá ọ̀nà fúnra rẹ̀. Mo wá gbọ́ ẹsẹ̀ ọmọ iṣẹ́ lórí ẹ̀rọ ẹlẹ́sẹ̀ lẹ́yìn mi. Kò sí òwú níbẹ̀, kò sí bébà, ó kàn ń wa ẹ̀rọ, kẹ̀kẹ̀kẹ̀, ó sì bá ti èmi mu láìyẹsẹ̀. A ò bá ara wa sọ̀rọ̀. A ṣe é títí ilẹ̀ fi ṣú pátápátá.

Ọ̀sẹ̀ 30

41. Ọmọ iṣẹ́ ti rán àpò ìrọ̀rí méjì, etí wọn tọ́, mo tà wọ́n, mo sì fún un lówó rẹ̀. Èmi wà lórí kọ́ọ̀dù F. Ìfábẹ̀lá ní láti tẹ okùn méjì pọ̀, okùn B sì ń kú níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta nínú mẹ́rin. Ọ̀la, aago méje ààbọ̀, orí B yẹn ni màá ti bẹ̀rẹ̀.