Kí ló dé tí wọn ò jẹ́ kó sinmi?

Obìnrin kan ló sọ ọ́. Kì í ṣe èmi ló ń bá sọ̀rọ̀ o, ọkọ ẹ̀ ló ń bá sọ ọ́, àwa mẹ́rin la dúró létí wáyà ọgbà àjàrà kan, àwọn méjì lápá ọ̀hún, èmi àti ọ̀rẹ́ mi lápá ìhín. Ó nawọ́ sí ìdí àjàrà kan tó lọ́ tó sì wú bí orúnkún arúgbó, ó ní, "Eléyìí mà ti gbó o, kí ló dé tí wọn ò jẹ́ kó sinmi?" Ọkọ ẹ̀ rẹ́rìn-ín, wọ́n wọ mọ́tò, wọ́n lọ.

Aago mọ́kànlá alẹ́ ti fẹ́ lù báyìí, ọ̀rọ̀ yẹn ò tíì kúrò létí mi.

Ìyókù ọjọ́ náà ò ju báyìí lọ: ọ̀rẹ́ mi wá fi mọ́tò gbé mi láàárọ̀, a kúrò ní Adelaide, ní Ọsirélíà níbí, ó lé ní wákàtí kan ká tó dé Eden Valley, òjò ń ṣe wínníwínní, òtútù oṣù Keje ń wọ egungun, a jẹun, a padà. Ó ti pẹ́ tó ti ń sọ pé àfi kóun mú mi débẹ̀, pé mò ń jókòó sílé jù látìgbà tí... ẹ mọ̀.

Ọgbà tí mò ń wí yẹn, Hill of Grace ni wọ́n ń pè é. Mo ti rò pé àwọn tó ń ta wáìnì ló wá orúkọ dídùn fún un kí ọjà lè tà, àṣé ṣọ́ọ̀ṣì kékeré tó wà ní òdìkejì títì ló ni orúkọ, Gnadenberg, èdè Jámánì ni, Òkè Oore-ọ̀fẹ́. Àwọn Lutheran, ìjọ Kristẹni kan, tó kúrò ní Prussia, ilẹ̀ Jámánì àtijọ́, torí pé ọba ibẹ̀ fẹ́ máa pàṣẹ bí wọ́n á ṣe sin Ọlọ́run, àwọn ló tẹ agbègbè yẹn dó. Johann Christian Henschke wà lára wọn, ọdún 1841 ló dé, ó gbin àjàrà tiẹ̀ sí Keyneton tí kò jìnnà síbẹ̀, nígbà tó di 1868 ó ti ń ṣe wáìnì. Ẹbí kan náà ló ṣì ń ṣe é títí dòní, ó ti dé ìran kẹfà. Àmọ́ òun kọ́ ló gbin àwọn igi tí mo rí lónìí o, Nicolaus Stanitzki ló gbìn wọ́n, ní nǹkan bí ọdún 1860, ẹ̀yìn ìgbà náà ló bọ́ sọ́wọ́ àwọn Henschke. Ẹ ṣírò ẹ̀. Ó ti lé ní ọdún 160, wọ́n sì ń so. Àwọn tó dàgbà jù níbẹ̀, orúkọ tí wọ́n ń pè wọ́n ni Àwọn Bàbá Àgbà. Nígbà tí ọ̀rẹ́ mi sọ ìyẹn fún mi, ara mi ṣe gìrì.

Kò séwé kankan lórí wọn báyìí, ìgbà tí wọ́n ń rẹ́ ẹ̀ka ni. Ìdí igi dúdú, òmíràn ti là sí méjì, èèpo ń ṣí kúrò lára wọn, tẹ́ ẹ bá rí wọn lẹ́bàá ọ̀nà ẹ ó ní igi ìdáná ni. Bóyá obìnrin yẹn ò tiẹ̀ jẹ̀bi. Ojú àánú ló fi wò ó, ojú àánú náà ni mo fi wò ó kó tó lanu.

Àbí kí ló ń dùn mí gan-an?

Ó dáa, ẹ jẹ́ n sọ ọ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń kà mí bọ̀ ẹ mọ ọ̀rọ̀ oko Bàámi. Ọjọ́ Àìkú tó kọjá, èmi gan-an ni mo sọ gbólóhùn yẹn fún wọn lórí fóònù. Mo ní Bàámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ti dàgbà ju ẹni tó ń gòkè oko lójoojúmọ́ lọ, ẹ fi kòkó yẹn sílẹ̀, ẹ sinmi. Mo sọ ọ́ pẹ̀lú ìbínú díẹ̀. Wọ́n dákẹ́, mo rò pé fóònù ti já. Wọ́n wá ní, "Kí n sinmi kí n máa ṣe kí ni?" Mi ò rí èsì fún wọn. Mo ní ẹ̀gbọ́n mi á pè wọ́n.

Torí náà nígbà tí obìnrin yẹn sọ̀rọ̀ ṣe ló dà bíi pé ẹnu mi ló ti jáde.

A lọ tọ́ wáìnì wò lẹ́yìn náà. Hill of Grace fúnra ẹ̀, owó ìgò kan ṣoṣo ju rẹ́ńtì ọ̀sẹ̀ kan tí mò ń san lọ, ọ̀rẹ́ mi ní ká má tiẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Àmọ́ wọ́n bu Mount Edelstone fún wa, àwọn ló ni ín náà, àjàrà Shiraz tí wọ́n gbìn ní 1912. Mi ò mọ gbogbo ọ̀rọ̀ tí àwọn ọ̀mọ̀ràn wáìnì máa ń sọ, ohun tí ẹnu mi mọ̀ ni mo máa sọ: iyèré. Iyèré gan-an, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gún, òórùn ẹ̀ kọ́kọ́ gba imú, ẹ̀yìn ìgbà náà ni adùn èso dúdú kan wá dé, tó wá kan díẹ̀ létí ahọ́n bí agbálùmọ̀ tí kò tíì dénú oṣù Kejì, kò sì tán lẹ́nu bọ̀rọ̀. Mo di ife yẹn mú títí ó fi lọ́ wọ́ọ́rọ́ lọ́wọ́ mi. Ọ̀rẹ́ mi ní ṣé kò dùn ni. Mo ní rárá, ó dùn, mò ń ronú ni.

Ohun tí mò ń rò ni pé igi tó gbó báyìí kì í so púpọ̀. Èso ẹ̀ kéré, kò pọ̀ lórí ẹ̀ka, kò sẹ́ni tó ń bomi rin Hill of Grace yẹn, òjò ló ń mu, gbòǹgbò ló ń wá omi lọ sísàlẹ̀ fúnra ẹ̀. Ìyẹn ló mú kí ìwọ̀nba tó bá so ki. Tó bá jẹ́ pé iye kìlò lẹ̀ ń wò, ẹ máa hú u. Wọ́n sì hú u lóòótọ́! Láàárín àwọn ọdún 1980 ìjọba South Australia ń sanwó fún àgbẹ̀ kí wọ́n hú àjàrà wọn dànù, wáìnì pupa ò tà, àjàrà ti pọ̀ ju ohun tí ọjà lè gbà, ọ̀pọ̀ igi àtijọ́ ni wọ́n fi katakata fà tu. Inú bí mi nígbà tí mo gbọ́ ìyẹn, ó ṣì ń bí mi. Igi tí kòkòrò phylloxera ò rí pa! Kòkòrò yẹn ló jẹ gbòǹgbò àjàrà Yúróòpù run láyé ọjọ́sí, tó jẹ́ pé orí gbòǹgbò àjàrà Amẹ́ríkà ni wọ́n wá ń lọ́ tiwọn mọ́, kò sì tíì dé South Australia títí di báyìí, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ní kéèyàn má fi bàtà wọnú ọgbà, ká dúró létí wáyà. Ohun tí kòkòrò ò rí pa, owó ìjọba pa á. Àwọn tó kù, wọ́n ti ń fi oyè dá wọn lọ́lá báyìí, láti 2009 ní Barossa, agbègbè wáìnì tí Eden Valley wà nínú ẹ̀, igi tó bá ti pé ọdún 125, orúkọ ẹ̀ ni Ancestor, baba ńlá. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Àmọ́ àwọn tí wọ́n hú ńkọ́.

Mo ti ń lọ jìnnà sí ohun tí mo fẹ́ sọ.

Níbi iṣẹ́, níbi tí a ti ń tọ́jú àwọn arúgbó, màmá kan wà tó fẹ́ràn kó máa ká táwẹ̀lì. Wọ́n á kó táwẹ̀lì tó gbẹ dé, ọwọ́ ẹ̀ á ti máa wá a. Lọ́jọ́ kan mo gbà á lọ́wọ́ ẹ̀, mo ní mọ́mì, ẹ fi sílẹ̀, iṣẹ́ wa nìyẹn, ẹ sinmi. Ó sinmi. Ó jókòó, ó kó ọwọ́ méjèèjì lé itan, ó ń wo wọ́n. Mi ò tíì sọ èyí fún ẹnì kankan rí.

Àmọ́ Bàámi kì í ṣe àjàrà o. Àjàrà kì í ṣubú lójú ọ̀nà oko tí òjò bá rọ̀. Àjàrà ò ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Ẹ̀gbọ́n mi náà tó ń wakọ̀ láti Àkúrẹ́ ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá pè é pé Bàbá ò tíì délé, kì í ṣe ẹni ibi, ó ti rẹ̀ ẹ́ ni. Àtòkè òkun níbí ni mo ti ń sọ̀rọ̀ gbòǹgbò, òun ló ń wá wọn kiri nínú òkùnkùn. Nítorí náà mi ò mọ̀.

Ohun kan tí mo rí ṣá. Igi yẹn, wọn ò fi sílẹ̀ bó ṣe wà. Ọdọọdún ni wọ́n ń rẹ́ ẹ, ẹ̀ka kéékèèké bíi mélòó kan ni wọ́n ń fi sílẹ̀ fún un kí ẹrù má pọ̀ jù lórí ẹ̀. Ọdún 2000 ò dáa, wọn ò gbé Hill of Grace ti ọdún yẹn jáde rárá, 2011 náà bẹ́ẹ̀, odidi ọdún láìsí ìgò kan, bẹ́ẹ̀ wáìnì wọn tó wọ́n jù nìyẹn. Prue Henschke tó ń tọ́jú ọgbà náà sì ti ń gé lára àwọn igi àgbà tó dáa jù, ó ń gbin ọmọ wọn sílẹ̀. Igi ṣì wà nídìí iṣẹ́ ẹ̀. Bóyá ọmọ kan tó lè máa gun ọ̀nà oko pẹ̀lú wọn, kí Bàámi máa jókòó lábẹ́ kòkó kan kí wọ́n máa pàṣẹ... bóyá kí wọ́n mú èyí tó wà létí ọ̀nà nìkan, èyí tí wọ́n gbìn nígbà tí Màámi lóyún ẹ̀gbọ́n mi, kí wọ́n fi tòkè lọ́hùn-ún sílẹ̀. Wọn ò ní gbà. Tàbí wọ́n á gbà, tó bá jẹ́ pé mi ò pè é ní ìsinmi.

Aago mọ́kànlá ti lù. Aago méjì ààbọ̀ ọ̀sán ló wà nílé. Ọjọ́ Àìkú ni mo máa ń pè wọ́n, òní kì í ṣe Àìkú, àmọ́ mo fẹ́ pè. Mi ò ní bi wọ́n bóyá wọ́n ti lo oògùn, mo fẹ́ bi wọ́n bí kòkó ṣe rí lọ́dún yìí, mi ò rántí ìgbà tí mo bi wọ́n ní ìbéèrè yẹn kẹ́yìn.

Mo ti pè wọ́n lẹ́ẹ̀mejì báyìí. Ó ń dún, wọn ò gbé e. Wọ́n á ṣì wà lóko.