Ewédú, ṣọkọ àti irúgbìn ọdún tí ń bọ̀: àkọsílẹ̀ ọgbà ẹ̀yìnkùlé

Oṣù Kẹta. Òjò àkọ́rọ̀ ti rọ̀, ilẹ̀ ẹ̀yìnkùlé wa ní Ìbàdàn sì ti dẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ọkọ́ fi ń wọ̀ ọ́ wẹ́rẹ́. Ohun tí mo gbé ka iwájú lọ́dún yìí ni pé kí n gbin ewédú, ṣọkọ àti tẹ̀tẹ̀ tí ilé yóò máa jẹ, kí n sì fi díẹ̀ lára wọn sílẹ̀ títí wọn yóò fi gbó, kí n lè rí irúgbìn tèmi kó jọ. Èyí tí a ń rà lọ́jà kì í ṣe é gbọ́kàn lé, nítorí pé a lè bá oníyàyà àti amúgbádù, oríṣi ewédú méjì, nínú ìwọ̀n kan náà, kò sì sí bí a ṣe lè mọ ìgbà tí wọ́n ti kó o.

Ìgbẹ́ adìyẹ tó ti jẹrà dáadáa ni mo pò mọ́ ilẹ̀ ebè, torí pé tútù rẹ̀ máa ń jó gbòǹgbò. Irúgbìn ewédú ló gba sùúrù jù. Èèpo rẹ̀ le, omi kì í tètè wọ inú rẹ̀, bí a bá sì fọ́n ọn bẹ́ẹ̀, díẹ̀ ni yóò hù, ìyókù yóò sùn sínú ilẹ̀. Nítorí náà, mo dì í sínú aṣọ fẹ́lẹ́, mo gbé omi kaná títí ó fi hó, mo ri aṣọ náà bọ inú rẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú àáyá 10 péré, mo sì sọ ọ́ sínú omi tútù lójú ẹsẹ̀, nítorí pé bí ó bá pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, yóò jinná. Nígbà tí ara rẹ̀ gbẹ, mo pò ó mọ́ iyanrìn kí ó má baà ṣù síbì kan, mo sì fọ́n ọn. Kí ọ̀sẹ̀ tó yí po, ojú ebè ti tutù yọ̀yọ̀.

Oṣù Kẹrin. Mo ti ń já tẹ̀tẹ̀ sọ́bẹ̀. Kòkòrò kan ń fi òwú ká ewé rẹ̀ pọ̀, ó ń gbé inú rẹ̀, ó sì ń jẹ ẹ́ títí yóò fi ku kìkì iṣan. Ọwọ́ ni mo fi ń ṣà á láàárọ̀, nítorí pé n kò fara mọ́ fífín oògùn sí ẹ̀fọ́ tí a óò jẹ láàárín ọjọ́ díẹ̀.

Oṣù Kẹfà. Nígbà tí mo fa ṣọkọ kan tó ń rọ tu, kókó kéékèèké kún gbogbo gbòǹgbò rẹ̀, àmì pé aràn inú ilẹ̀ ti wọ ibẹ̀. Irú aràn bẹ́ẹ̀ a máa ba ilá, tòmátò àti ewédú jẹ́ pẹ̀lú, nítorí náà n kò ní gbin ìkankan nínú wọn síbẹ̀ lẹ́yìn èyí. Òdòdó marigold ni mo lọ́ sí ojú ebè náà, nítorí pé oje gbòǹgbò rẹ̀ máa ń dín aràn wọ̀nyí kù. Ó tún dùn ún wò láti ojú fèrèsé. Efinrin àti ewúro kò fún mi ní wàhálà kankan.

Oṣù Kẹsàn-án. Ọjọ́ ti ń kúrú, ewédú sì máa ń tètè tanná bí ìmọ́lẹ̀ ojúmọ́ bá ti ń dín kù. Òdòdó rẹ̀ kéré, ó pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣe ohun tó ń dùn mí: wọn a já èyí tó léwé jù lọ jẹ tán, wọn a sì fi èyí tó tètè tanná, tí kò léwé lórí, sílẹ̀ fún irúgbìn. Irú èyí tí a bá fi sílẹ̀ ni yóò padà hù. Èmi so òwú pupa mọ́ ìdí àwọn tó pẹ́ kí wọ́n tó tanná, tí ewé wọn sì gbòòrò, mo sì kìlọ̀ fún àwọn ará ilé pé kí ẹnikẹ́ni má já wọn.

Oṣù Kọkànlá. Èso àwọn tí mo so òwú mọ́ ti di àwọ̀ ilẹ̀. Mo ká wọn kí wọ́n tó là fúnra wọn, mo sá wọn síbi tí oòrùn kò ti le, mo pa wọ́n, mo sì fẹ́ ìdọ̀tí kúrò. Wóró wọn dúdú, ó ní igun. Ṣọkọ ni mo ń gbọn sórí bébà nísinsìnyí, n óò sì kó tirẹ̀ sínú ìgò ọ̀tọ̀ pẹ̀lú eérú díẹ̀.