Ọdún mẹ́wàá lórí ẹní: ẹ̀yin àbúrò mi, ẹ gbọ́ tèmi

Oṣù yìí ló pé ọdún 10 tí mo ti ń ṣe àṣàrò nínú yàrá mi ní Sùúrùlérè. Lọ́jọ́ Àìkú, ọ̀kan nínú yín pè mí, ó ní ọ̀sẹ̀ méjì péré lòun fi wọ jhana kẹrin, ìyẹn ìkẹrin nínú àwọn ìpele tí ọkàn ń gbà rì sínú àṣàrò. Àyà mi já, nítorí ẹnu mi ti sọ irú rẹ̀ rí.

Èkíní, ẹ mọ ohun tí Búdà, olùdásílẹ̀ ẹ̀sìn Búdà, là sílẹ̀. Ní jhana kìíní, èrò ṣì ń di ohun tí a ń ṣàṣàrò lé mú, ayọ̀ tí wọ́n ń pè ní piti ń sán wọ ara, ìtura sì wà pẹ̀lú rẹ̀. Ní ìkejì, èrò á sinmi. Ní ìkẹta, piti á rọlẹ̀, á ku ìtura. Ní ìkẹrin, kò ní sí adùn, kò ní sí ìrora, ọkàn á mọ́ gaara. Búdà fi ìkíní wé ẹni tó ń po ìyẹ̀fun ọṣẹ: díẹ̀díẹ̀ ló ń wọ́n omi sí i, títí á fi rin tinú tòde láìkán sílẹ̀.

Èkejì, ohun márùn-ún ló ń dí ọ̀nà: ìfẹ́kúfẹ̀ẹ́, ìbínú, oorun, àìfararọ, iyèméjì. Ìbínú ló mú èmi.

Lọ́dún kẹta mi, ní aago 5 ìdájí, ayọ̀ kan bẹ̀rẹ̀ láti àtẹ́lẹwọ́ mi, ó gba gbogbo ara, ìmọ́lẹ̀ funfun sì dúró níwájú ojú mi tí mo dì. Mo pe olùkọ́ kan. Kò jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán tó fi ní jhana kẹrin ni. Ó ṣì ń dùn mí títí dòní. Ìbéèrè kan péré ni ì bá bi mí: ṣé ayọ̀ yẹn ṣì ń sán lára rẹ?

Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í lé ìmọ́lẹ̀ kiri nìyẹn. Kò padà wá. Mo fi òwú dí etí, mo bá aládùúgbò jà nítorí jẹnẹrétọ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n kanlẹ̀kùn. Mo jágbe mọ́ ẹni náà láti orí ẹní, n kò sì dìde. Nígbà tí mo ṣílẹ̀kùn, kúlà ìkọ́kọrẹ́ ló wà nílẹ̀, ó ṣì gbóná. Màámi ló gbé e wá láti Ìkòròdú. Wọ́n ti lọ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, mo wọkọ̀ lọ dọ̀bálẹ̀ fún wọn. Wọ́n kàn bi mí bóyá iyọ̀ rẹ̀ tó.

Ìwọ tó pè mí lọ́jọ́ Àìkú, tún pè mí lálẹ́ yìí. Mo fẹ́ bi ọ́ ní ìbéèrè yẹn.