Wọ́n ní bàálù oní-fáànù tí mo fẹ́ máa wà, ti ayé àtijọ́ ni

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o ẹ̀yin èèyàn mi. Òṣogbo ni mo wà láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ìwé ni mo wá kà nílé torí ìdánwò ẹnu mi lórí bàálù ATR 72 ti ń sún mọ́lé, àwọn tó máa jókòó síwájú mi ò sì ní bi mí nípa yúnífọ́ọ̀mù o, ohun tó wà nínú ikùn ẹńjìnnì ni wọ́n máa bi mí. Ṣùgbọ́n ẹ mọ ilé wa, ìwé kíkà ò yọ èèyàn nínú iṣẹ́ ilé, màámi gbé ike ata lé mi lọ́wọ́ lọ́jọ́ Sátidé, wọ́n ní kí n lọ lọ̀ ọ́ wá lọ́dọ̀ Bàbá onílọta nítòsí ọjà Ìgbọ̀nà.

Bàbá yìí mọ̀ mí láti ìgbà tí mo ti ń wọ pinafọ́ọ̀. Mo kúnlẹ̀ kí wọn, wọ́n ní "Ìwọ ọmọ yìí, wọ́n ní o ti di páílọ́ọ̀tì." Mo ní ó kù díẹ̀ sà. Wọ́n ní irú bàálù wo, mo bá ṣí fọ́tò ẹ̀ lórí fóònù fún wọn. Wọ́n sún fóònù mọ́jú, wọ́n sún un sẹ́yìn, wọ́n wá pariwo: "Oní-fáànù! Ṣé kì í ṣe irú èyí tí wọ́n fi ja ogun Hitler nìyí? Àwọn ọ̀gá ẹ ò rówó ra èyí tó dáa ni?"

Àwọn obìnrin tó ń dúró de ata bú sẹ́rìn-ín. N ò ní parọ́ fún yín, ó dùn mí díẹ̀, torí kì í ṣe Bàbá nìkan ló ń sọ bẹ́ẹ̀, àwọn tó ń wọkọ̀ ní Ìlọrin àti Àkúrẹ́ gan-an máa ń wo fáànù yẹn bíi pé danfó ni wọ́n ní kí wọ́n wọ̀. Mo bá gbé àga jókòó jàre. Mo ní Bàbá, àwọn Faransé àti Ítálì ló para pọ̀ dá ilé iṣẹ́ tó ń ṣe é sílẹ̀ lọ́dún 1981, ATR 72 àkọ́kọ́ fò ní oṣù kẹwàá ọdún 1988, wọ́n ṣì ń ṣe tuntun ẹ̀ ní Toulouse títí di bá a ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí, sìkíríìnì ńlá márùn-ún ló sì wà níwájú páílọ́ọ̀tì nínú èyí tí wọ́n ń pè ní -600. Fáànù tí ẹ rí níta yẹn, ẹńjìnnì jẹ́ẹ̀tì ló ń yí i látinú.

Bàbá ò gbà. Wọ́n ní kí ló wá dé tí wọn ò kúkú lo jẹ́ẹ̀tì náà lásán.

Mo ní tẹ́ ẹ bá fẹ́ fẹ́ná, ẹ lè fi ẹnu fẹ́ ẹ gidi gan-an nínú páìpù tóóró, ẹ sì lè gbé àbẹ̀bẹ̀ ńlá kẹ́ ẹ máa fẹ́ ẹ jẹ́jẹ́, èwo ló máa tètè rẹ̀ yín? Jẹ́ẹ̀tì ń gba afẹ́fẹ́ díẹ̀ ó ń tì í sẹ́yìn pẹ̀lú eré burúkú, fáànù ń gba afẹ́fẹ́ rẹpẹtẹ ó ń tì í sẹ́yìn wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, tó bá sì jẹ́ ìrìn kúkúrú ni, bí Èkó sí Ìlọrin, ti fáànù ló ń jẹ epo kékeré. Bàálù yìí ò kọjá nǹkan bíi kìlómítà 510 láàárín wákàtí kan, kò sì ń gòkè kọjá ẹsẹ̀ bàtà 25,000, ṣùgbọ́n kó tó di pé jẹ́ẹ̀tì gòkè dé ibi tó ti máa gbádùn ara ẹ̀, ẹ ti dé Ìlọrin.

Ibi tó wá dùn mọ́ mi nínú jù ni ìgbà tí Bàbá bèèrè bẹ́lìtì. Ẹ mọ ẹńjìnnì dísù tí wọ́n fi ń lọta, igi kan wà lọ́wọ́ Bàbá tí wọ́n fi máa ń ti bẹ́lìtì kúrò lórí wíìlì, ẹńjìnnì á ṣì máa dún tututu, ẹnu ọlọ á ti dúró. Wọ́n ní "Ṣé bẹ́lìtì ló so fáànù mọ́ ẹńjìnnì ni àbí gíá?" Mo ní gíá wà níwájú lóòótọ́, ṣùgbọ́n láàárín iná tó ń jó nínú ẹńjìnnì àti fáànù tó ń yí níta, kò sí irin kankan tó so wọ́n pọ̀ o, afẹ́fẹ́ gbígbóná ni. Bàbá wò mí bí ẹni pé mo ti mu nǹkan.

Báyìí ni mo ṣe ṣàlàyé ẹ̀, mo sì rò pé màá sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ níwájú àwọn olùdánwò náà. Ẹ gbé fáànù onídùúró méjì kojú ara wọn, ẹ tan ọ̀kan, ẹ má tan èkejì. Afẹ́fẹ́ ti àkọ́kọ́ á máa yí èkejì. Tẹ́ ẹ bá wá fi ọwọ́ di èkejì mú, àkọ́kọ́ á ṣì máa yí lọ, kò kàn án. Bí ẹńjìnnì PW127 tó wà lára ATR yìí ṣe rí nìyẹn: kọ́ńpírẹ́sọ̀ méjì ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀, iná ń jó o, tọ́báìnì méjì (ìyẹn wíìlì alábẹ́ tí afẹ́fẹ́ gbígbóná ń yí) ń gba agbára láti yí àwọn kọ́ńpírẹ́sọ̀ yẹn, ọ̀kan fún ọ̀kan, èyí tó ṣẹ́kù nínú afẹ́fẹ́ gbígbóná yẹn á wá lọ lu tọ́báìnì kẹta tó dá wà lẹ́yìn, òun ló ní ọ̀pá tó gba àárín gbogbo wọn kọjá lọ síwájú. Ọ̀pá yẹn ń yí tó 20,000 ní ìṣẹ́jú kan, gíá á wá bù ú kù sí 1,200 torí fáànù tó fẹ̀ tó mítà mẹ́rin ku díẹ̀ ò lè yára jù bẹ́ẹ̀ lọ kí ẹnu abẹ́ ẹ̀ má lọ máa gbá afẹ́fẹ́ bí ẹni gbá ògiri.

Torí pé afẹ́fẹ́ ló so wọ́n pọ̀ ni wọ́n ṣe lè ṣe ohun tí wọ́n ń pè ní hotel mode. ATR ò ní ẹńjìnnì kékeré nínú ìrù tó máa fún un ní iná nígbà tó bá dúró, bíi ti àwọn jẹ́ẹ̀tì ńlá. Bíréèkì ni wọ́n fi di fáànù ọwọ́ ọ̀tún mú, ẹńjìnnì ẹ̀ á máa ṣiṣẹ́ lọ, iná wà, éèsì wà, àwọn èrò sì ń gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn lápá òsì wọlé láìsí fáànù tó lè gé ẹnikẹ́ni. Bàbá ní "Igi tí mo fi ń ti bẹ́lìtì náà nìyẹn!" Mo ní ó jọ ọ́ sà, ó kàn jẹ́ pé kò sí bẹ́lìtì. (Nǹkan kan tí olùdánwò fẹ́ràn láti fi mú èèyàn ni pé jẹnẹrétọ̀ tó ń mú gíláàsì àti abẹ́ fáànù gbóná kí yìnyín má bàa dì mọ́ wọn, gíá fáànù ló ń yí i, nítorí náà nínú hotel mode kò sí ìyẹn lápá ọ̀tún. Ẹ má gbàgbé o.)

Ọ̀kan nínú àwọn obìnrin yẹn, tí mo rò pé kò fetí sí wa tẹ́lẹ̀, wá ní "Tí ẹńjìnnì kan bá kú lókè ńkọ́?"

Ó ti bọ́ sí ibi tí mo ń kà lálẹ́ àná. Mo ní ẹńjìnnì tó kú ò ṣòro tó fáànù ẹ̀. Ṣé ẹ ti rí ẹni tó gbé páànù lórí ọ̀kadà rí? Tó bá dojú páànù kọ afẹ́fẹ́, yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé e ṣubú, ṣùgbọ́n tó bá fi ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ kọ afẹ́fẹ́, á gé afẹ́fẹ́ kọjá. Abẹ́ mẹ́fà tó wà lára fáànù yẹn, ọ́ìlì ló ń yí wọn, tí ẹńjìnnì bá kú wọ́n gbọ́dọ̀ yí wọn kí ẹ̀gbẹ́ wọn kọ afẹ́fẹ́, feather là ń pè é, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ fáànù yẹn á di páànù lórí ọ̀kadà, á máa fa bàálù sí ẹ̀gbẹ́ kan. Nígbà tí wọ́n bá ń gbéra, ẹ̀rọ kan tó ń jẹ́ ATPCS ló ń ṣọ́ ọ: nǹkan bí ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún agbára ni àwọn ẹńjìnnì méjèèjì fi ń gbéra, tí agbára ọ̀kan bá já wálẹ̀ tí kò tó ìdá 18 nínú ọgọ́rùn-ún mọ́, èyí tó kù á fò sókè sí 100 lójú ẹsẹ̀, lẹ́yìn sẹ̀kọ́ńdì méjì àti díẹ̀ á yí abẹ́ ti èyí tó kú fúnra ẹ̀. Páílọ́ọ̀tì ò tíì fọwọ́ kan nǹkan kan.

Ọwọ́ páílọ́ọ̀tì gan-an ló ń bà mí lẹ́rù jù, n ò sì sọ ìyẹn fún obìnrin yẹn o, ẹ̀yin ni mò ń sọ fún. Ní Taipei, ọjọ́ kẹrin oṣù kejì ọdún 2015, fáànù ọ̀tún ATR kan yí ara ẹ̀ sí feather kété lẹ́yìn tó gbéra, ìyẹn ò gbọ́dọ̀ pa ẹnikẹ́ni torí tòsì ń ṣiṣẹ́ dáadáa, ṣùgbọ́n tòsì yẹn gan-an ni wọ́n lọ pa, bàálù já sódò, èèyàn 43 ló kú. Ní Pokhara ní Nepal, oṣù kìíní ọdún 2023, wọ́n ń sọ̀kalẹ̀ lọ, wọ́n ní kí ẹnì kejì fa lífà flap, èyí tó ń na ẹ̀yìn apá bàálù jáde fún ìbàlẹ̀, condition lever méjèèjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, tí wọ́n lè fi yí abẹ́ fáànù sí feather, ló fà, àwọn fáànù méjèèjì sì wọ feather, ẹńjìnnì ń ṣiṣẹ́ ṣùgbọ́n kò sí ohun tó ń ti bàálù síwájú mọ́. Kò sẹ́ni tó yè nínú àwọn 72. Láti ìgbà tí mo ti kà á, nígbàkígbà tí mo bá na ọwọ́ sí lífà kankan nínú símúlétọ̀ (ẹ̀rọ orí ilẹ̀ tá a fi ń kọ́ bí a ṣe ń wa bàálù), mo máa ń dúró, ojú mi á tẹ̀ lé ọwọ́ mi, ọ̀gá mi ní mò ń lọ́ra, mo ní ẹ jẹ́ kí n lọ́ra.

Yìnyín náà wà níbẹ̀, ẹ má rò pé ti òyìnbó nìkan ni, lókè wa níbí tẹ́ ẹ bá ti kọjá nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 16,000 nínú ìkùukùu, òtútù ti tó kí omi dì, igi kékeré kan sì wà lẹ́yìn fèrèsé kápútéènì tí wọ́n fi ń wò ó bóyá yìnyín ti ń hù.

Ata ti ń jáde báyìí, Bàbá ń fi ọwọ́ rọ́ ọ sínú ike, wọ́n ní "Tí méjèèjì bá wá kú pa pọ̀?" Mo ní ó ṣẹlẹ̀ rí. Oṣù kẹjọ ọdún 2005, ATR 72 kan ń bọ̀ láti Bari ní Ítálì, ó ń lọ sí Djerba ní Tùnísíà, epo tán pátá lókè òkun, ó bà sórí omi nítòsí Palermo, 16 kú nínú èèyàn 39. Bàbá ní báwo ni epo ṣe máa tán tí wọn ò rí i? Mo ní gééjì epo ló bàjẹ́, wọ́n fi tuntun sí i, ṣùgbọ́n ti ATR 42, àbúrò ẹ̀ tó kéré sí i, ni wọ́n fi sínú ATR 72, àwọn méjèèjì jọra, wọ́n bá ara wọn mu níbi ihò, àmọ́ táńkì wọn ò rí bákan náà, gééjì wá ń sọ pé epo wà nígbà tí epo ò sí.

"Ó fi kóńgò ẹlẹ́pà wọn ìrẹsì," Bàbá ní.

N ò rí irú ẹ̀ nínú ìwé kankan, mo sì ti kọ ọ́ sẹ́yìn nóòtù mi. Mo wá sọ fún wọn pé ọ̀nà míì wà tí wọ́n lè fi wo epo náà, ohun kan wà lábẹ́ apá bàálù tí wọ́n ń fà jáde tó ń fi bí epo ṣe ga tó hàn láìlo iná tàbí gééjì. Bàbá ò dá mi lóhùn. Wọ́n na ọwọ́ sẹ́yìn ẹńjìnnì, wọ́n fa ọ̀pá bàmbú kan tó ti dúdú jáde láti inú táńkì dísù, ààmì ọ̀bẹ mẹ́ta wà lára ẹ̀, wọ́n gbé e sójú mi, dísù ń kán sílẹ̀ lára ẹ̀, wọ́n ní owó ata ẹ rèé o, igba náírà ló kù.