Ṣọ́ọ̀bù tí mo sáré gbà, iṣẹ́ tí mo fi ìjáfara pàdánù

Ní 2002, èmi àti ẹnì kan tí a jọ ń kọ́ṣẹ́ télọ̀ kúrò lọ́dọ̀ ọ̀gá wa ní Mọ́kọ́lá, n'Íbàdàn, láàárín oṣù kan náà. Ó ku ọdún kan gbáko kí a ṣe fúrídọ́ọ̀mù. Ọ̀kan nínú wa ṣe ohun tó tọ́. Kì í ṣe èmi.

Àǹtí mi ló ń kó lọ sí Èkó. Wọ́n ní kí n wá gba ṣọ́ọ̀bù wọn ní Òjé: máṣíìnì méjì, tábìlì, áyọ́ọ̀nù eléèédú, owó ilé ọdún kan tí wọ́n ti san sílẹ̀. Ta ni yóò kọ irú ẹ̀? Gbogbo ẹni tí mo fi lọ̀ ló ní ohun tó bá ti yá kì í tún pẹ́ mọ́. Ọ̀gá mi nìkan ló bi mí pé, "Ta ló máa bá ẹ gé e?" Mo rò pé ìlara ni.

Ẹ̀yin tí ẹ ò kọ́ṣẹ́ télọ̀ rí, ọmọ iṣẹ́ ló ń rán aṣọ, ọ̀gá ló ń gé e. Wọ́n á wọn oníbàárà, wọ́n á fi ṣọ́ọ̀kì fa ilà, wọ́n á gé e tán, wọ́n á wá jù ú sí wa. Bó bá ti bá ara mu, àwa a máa rò pé a ti mọṣẹ́.

Oṣù kẹta tí mo dé Òjé ni màmá ìyàwó kan gbé léèsì wá. Mo tẹ́ ẹ, mo ṣẹ́ ẹ po bí ọ̀gá mi ṣe máa ń ṣe é, mo gé e. Ojú apá ni mo gé wọnú jù. Nígbà tí màmá wọ bíláòsì náà wò, tí ìgbéyàwó ku ọ̀túnla, etí síìpù ẹ̀yìn jìnnà síra wọn ní ìka mẹ́ta. Ojú apá tó bá kéré ṣeé gé sí i. Èyí tó bá tóbi jù ti bàjẹ́ nìyẹn. Wọ́n bọ́ ọ, wọ́n rọra tẹ́ ẹ sórí tábìlì, wọn ò sọ nǹkan kan. Ì bá sàn kí wọ́n bú mi.

Owó tí mo fi ra léèsì mìíràn ní Gbági fi san án fún wọn ni ǹ bá fi san owó ilé ọdún kejì. Mo padà lọ kúnlẹ̀ ní Mọ́kọ́lá.

Ẹnì kejì mi ń kọ́? Ìpè ló lọ ń tà ní Ìwó Road. GSM ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ní 2001, ìṣẹ́jú kan tó nǹkan bíi ₦50, ẹni tó ní láìnì tirẹ̀ kò pọ̀. Tábìlì, agbòòrùn àti fóònù ni gbogbo ohun tí kò ní, ó sì yá owó rà á. Nígbà tí Glo dé ní 2003 pẹ̀lú owó ìpè oní-ìṣẹ́jú-àáyá, tí láìnì ń di ti gbogbo ayé, òun ti ń ta fóònù àti káàdì. Ká ní ó dúró de fúrídọ́ọ̀mù ni, ọjà yẹn ì bá ti tú.

Láti ìgbà náà, bí nǹkan bá yọjú, ohun tí mi ò ní ni mo máa ń kọ́kọ́ wò. Bí owó bá lè rà á, tàbí tí mo lè yá a, mo ń lọ nìyẹn. Bó bá jẹ́ ohun tí ọwọ́ mi fúnra rẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ̀, mo máa dúró. Ẹ má fi òwe pinnu o. Ẹni tó fẹ́ tì yín síwájú ní òwe tirẹ̀, ẹni tó fẹ́ dá yín dúró á ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Mo sì tún ṣì í ṣe. Ní 2009, ilé ìwé kan fẹ́ kí n rán yúnífọ́ọ̀mù igba ọmọ. Mo ti mọ aṣọ gé nígbà náà dáadáa. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n kọ́kọ́ kó àjọ, kí n fi ra máṣíìnì tó ń dí etí aṣọ. Kí àjọ tó kàn mí, wọ́n ti gbé iṣẹ́ fún ẹlòmíì. Òun náà ò ní máṣíìnì yẹn. Ọ̀dọ̀ télọ̀ ìsàlẹ̀ ilé wa ló ń sanwó dí i. Láti yàrá mi ni mo ti ń gbọ́ ariwo rẹ̀ lóru.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọ iṣẹ́ mi kan ní ẹ̀gbọ́n òun fẹ́ ṣí ṣọ́ọ̀bù fún òun ní Òṣogbo. Mi ò dá a lóhùn. Mo fún un ní àǹkárá ọ̀pá méjì àti ṣọ́ọ̀kì, mo ní kó gé bíláòsì ara rẹ̀. Ó ti fa ilà, ó ti pa á rẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Kò tíì gbé sísọ́ọ̀sì.