Òjá màámi, bẹ́líìtì tí ọ̀rẹ́ mi dì mú: ẹ bá mi dúpẹ́

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará. Ó ti pẹ́ tí mo ti jẹ Ọlọ́run ní gbèsè ẹ̀rí yìí, màámi ló sì ní ó tó gẹ́ẹ́, pé ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á, ó gùn díẹ̀.

Sójà òfúrufú ni mí ní Amẹ́ríkà. Tí mo bá ti sọ báyìí, àwọn èèyàn máa ń rò pé pléènì ni mò ń wà. Rárá o. Àwa ni wọ́n ń pè ní Ammo, àwa là ń to bọ́ǹbù. Bọ́ǹbù kì í dé ní odindi bí ẹ ṣe ń rí i nínú fíìmù, ara ẹ̀ tó jẹ́ irin tí wọ́n ti ki ẹ̀tù sí nínú á wà lọ́tọ̀, fíúsì ẹ̀ á wà lọ́tọ̀, ìrù ẹ̀ tó ní GPS tó máa darí ẹ̀ á wà nínú àpótí tiẹ̀. Àwa la máa tò wọ́n pọ̀ lórí irin gbọọrọ kan tó ní róló. Ẹnìkan á yọ ìdérí, ẹnìkan á ki fíúsì bọ̀ ọ́, ẹlòmíì á de ìrù mọ́ ọn, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí tó fi máa bọ́ sórí tírélà tó máa gbé e lọ bá àwọn tó ń so ó mọ́ pléènì. Ìwé máa ń wà ní ṣíṣí, ẹnìkan á máa ka ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan sókè, kò sí pé o ti mọ̀ ọ́n sórí. Èyí tí a máa ń tò jù jẹ́ 500 pounds, bíi 227 kìlò, ìyẹn sìmẹ́ńtì àpò mẹ́rin àbọ̀. Èyí tó tóbi jẹ́ 2,000 pounds.

2017 ni wọ́n kó wa lọ sílẹ̀ Lárúbáwá létí òkun Gulf, mi ò ní dárúkọ bẹ́ésì. Ogun tí wọ́n ń bá àwọn agbéṣùmọ̀mí ISIS jà ló gbóná nígbà yẹn. July ni wọ́n gba Mosul padà lọ́wọ́ wọn ní Ìráàkì, Raqqa ní Síríà tẹ̀lé e ní October. Bọ́ǹbù àti mísáìlì tí àwọn pléènì jù sílẹ̀ nínú ogun yẹn lọ́dún náà lé ní 39,000, August nìkan lé ní 5,000, ọwọ́ èèyàn ló sì to ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo mọ̀ pé ibi tó bá balẹ̀ sí, èèyàn wà níbẹ̀. Àwọn tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ kú ní Mosul, ìròyìn ń sọ ọ́, a sì ń gbọ́. Mo máa ń fi orúkọ ìlú wọn gbàdúrà fún wọn torí mi ò mọ orúkọ tiwọn. Mi ò fẹ́ kí ẹ̀rí tèmi bo tiwọn mọ́lẹ̀, ìdí nìyẹn tí mo fi sọ ọ́ kí n tó lọ síwájú.

Oṣù August yẹn náà ni. Ooru ibẹ̀, ọ̀sán á lé ní 45 degrees, irin tó ti sùn sóòrùn á jó ẹ lọ́wọ́ látinú ìbọ̀wọ́, bó bá wá di alẹ́, ọ̀rinrin òkun á dé, aṣọ á lẹ̀ mọ́ ẹ lára. Aago mẹ́ta ìdájí ku díẹ̀, wákàtí kọkànlá lẹ́nu iṣẹ́. Máṣìnì ti gbé bọ́ǹbù kan sókè, à ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sórí tírélà, mo wá rí i pé wẹ́ẹ̀jì tó yẹ kó dá a dúró ò jókòó dáadáa, ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sábẹ́ ẹ̀ kí n tún un ṣe. Mo mọ̀ pé a kì í wọ abẹ́ ẹrù tó ṣì wà lókè. Èmi gan-an ni mo ka ojú ìwé yẹn sókè lọ́sẹ̀ tó ṣáájú. Oorun ló wà lójú mi.

Mo gbọ́ "kẹ́ẹ́". Ẹnìkan fà mí láti ẹ̀yìn, bẹ́líìtì tó ń dán tí gbogbo wa máa ń dè lálẹ́ kí mọ́tò lè rí wa, òun ló dì mú, ó ká mi níkùn, mo ṣubú sẹ́yìn. Gbì! Bọ́ǹbù yẹn lu etí tírélà, ó yí, ó bọ́ sílẹ̀ síbi tí orókún mi ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò. Kọnkéré lanu. Ìbọ̀wọ́ mi tòsì ti bọ́, abẹ́ ẹ̀ ló wà, ó tẹ́ pẹrẹsẹ bí ìwé.

Fíúsì sì ti wà nínú ẹ̀ o. Kí n sọ òótọ́, irú bọ́ǹbù yìí kì í déédéé bú torí pé ó ṣubú, fíúsì ẹ̀ kì í jí àfi tó bá ti já kúrò lára pléènì, ẹ̀tù inú ẹ̀ náà kì í yára bínú. Wọ́n ti kọ́ mi ní gbogbo ìyẹn ní Texas. Ṣùgbọ́n orí ló kọ́ ọ, ìfun ò kọ́ ọ. Sájẹ́ńtì ní ká máa lọ, a sá lọ sẹ́yìn òkìtì iyanrìn, àwọn tó ń tú bọ́ǹbù wá, èmi jókòó, ẹsẹ̀ mi ń gbọ̀n.

Ẹ̀yin ará, ariwo "gbì" yẹn, mo mọ̀ ọ́n. January 27, 2002, ọjọ́ Sunday, ọwọ́ ìrọ̀lẹ́. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni mí, Mafoluku là ń gbé, ilé ẹ̀tù bárékè Ìkẹjà gbaná, wíńdò ilé wa fọ́ wọlé. Màámi pọn àbúrò mi, ó di ọrùn ọwọ́ mi mú, a bá èrò sá lọ sápá Òkè-Àfà láìmọ ibi tí à ń lọ. Àárín ọ̀nà ni òjá tú. Màámi dúró, ó bẹ̀rẹ̀, ó ń tún ọmọ pọ̀n, àwọn èèyàn ń tì wá, wọ́n ń ṣépè fún un pé kó kúrò lọ́nà. Kó tó so ó tán, igbe ti ta níwájú. Kànáà ló wà níbẹ̀, ewé omi ti bò ó, ilẹ̀ lásán ni wọ́n pè é nínú òkùnkùn. Èèyàn tó lé ní 1,000 ló kú lọ́jọ́ yẹn, ọ̀pọ̀ nínú wọn, omi yẹn ló gbé wọn. Ìyá kan tó ń gbé kọ́ńpáǹdù wa pẹ̀lú àwọn ọmọ ẹ̀ méjì wà níbẹ̀. Èmi àti èyí ẹ̀gbọ́n la jọ máa ń gbá bọ́ọ̀lù.

Ìdí tí mi ò ṣe lè sọ iṣẹ́ mi fún màámi nìyẹn. Mo ní sítọ́ọ̀ ni mò ń tọ́jú. Lọ́jọ́ tí wọ́n ń kọ́ wa bí wọ́n ṣe ń fi àlàfo sáàárín ilé ẹ̀tù kan sí èkejì, tí wọ́n ń fi ilẹ̀ bò ó, kí ọ̀kan má baà ran ìkejì, kó sì jìnnà sílé àwọn èèyàn, mo tọrọ àyè, mo lọ sunkún nínú tọ́lẹ́ẹ̀tì.

December ni mo délé. Mo ní kí màámi bá mi lọ sí Òkè-Àfà, níbi tí wọ́n ti ń rántí àwọn tó kú. Ibẹ̀ ni mo ti sọ gbogbo ẹ̀, iṣẹ́ mi, irọ́ tí mo pa, bọ́ǹbù, ìbọ̀wọ́. Kò bú mi. Kò sọ nǹkankan. Ó mú ọwọ́ òsì mi, ó ń ka ìka ibẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń tẹ oríkèé kọ̀ọ̀kan bó ṣe máa ń ṣe nígbà tó bá ń wẹ̀ wá ní kékeré, ó kà á dé àtàǹpàkò, ó tún bẹ̀rẹ̀.

Ọlọ́run tó tú òjá màámi, tó tún di bẹ́líìtì mi mú, mo dúpẹ́ o, mo tún ọpẹ́ dá. Ọmọ Mississippi ni ẹni tó fà mí, kì í fẹ́ kí n dárúkọ ohun tó ṣe. Ṣùgbọ́n gbogbo August ni màámi máa ń fi ohùn ránṣẹ́ sí i, àdúrà ìṣẹ́jú mẹ́wàá pẹ̀lú oríkì tèmi nínú ẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi ní òun ò gbọ́ nǹkankan, àfi "àmín", ibẹ̀ lòun ti máa ń dáhùn.