Nọ́ọ̀tì Kan Lábẹ́ Ọkọ̀ Mi

Ní ọjọ́ Jímọ̀ọ̀ tí mo ń múra láti lọ kí ìyá mi ní Kétu, mo kọ́kọ́ gbé ọkọ̀ mi lọ sí gáráàjì kan lẹ́bàá Wàndó, níhìn-ín ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ní orílẹ̀-èdè Benin, kí wọ́n bá mi pààrọ̀ ọ́ìlì rẹ̀, nítorí pé ọ̀nà tí ó gba Sakẹ́tẹ̀ àti Pobẹ̀ lọ síbẹ̀ lé ní 100 kìlómítà, n kò sì fẹ́ kí ọkọ̀ dá mi dúró sí àárín ọ̀nà. Fidáǹjì lásán ni, bí a ṣe ń pe pípààrọ̀ ọ́ìlì. Bóyá nítorí pé iṣẹ́ náà rọrùn ni ọ̀gá ṣe fà á lé ọmọ iṣẹ́ kan lọ́wọ́, tí òun fúnra rẹ̀ sì lọ dojú kọ ọkọ̀ akẹ́rù kan.

Mo rí ohun tí ọmọ náà ṣe, n kò sì sọ̀rọ̀. Ẹ̀bi tèmi nìyẹn. Nígbà tí ó fẹ́ dí ihò tí ọ́ìlì ń gbà jáde lábẹ́ ẹ́ńjìnnì, ó ki páìpù gígùn bọ ìdí sípánà, ó sì fi gbogbo ara fún nọ́ọ̀tì náà títí nǹkan kan fi dún “kẹ́” nísàlẹ̀. Ó wò mí, mo wò ó. Irin líle ni nọ́ọ̀tì yẹn, ṣùgbọ́n alumíníọ́mù ni àwo tí ó gba ọ́ìlì dúró nínú ọkọ̀ tèmi, alumíníọ́mù sì rọ̀ ju irin lọ. Bí wọ́n bá fún nọ́ọ̀tì jù, yóò jẹ inú ihò náà, kò sì ní rí nǹkan dì mú mọ́. Òrùka bàbà pẹlẹbẹ tí ó wà lọ́rùn nọ́ọ̀tì ni ó ń bá a dí ọ́ìlì, kì í ṣe agbára apá, owó òrùka tuntun kan kò sì tó ti oúnjẹ àárọ̀.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo bá àbàwọ́n dúdú kan lórí sìmẹ́ǹtì, ó fẹ̀ tó àwo ọbẹ̀. Mo tẹ ọ̀gá láago. “Ẹ̀gbọ́n, èyí tó ta sára irin nígbà tí wọ́n ń rọ ọ́ ni, yóò gbẹ.” Mo nu abẹ́ ọkọ̀ náà mọ́, mo tẹ́ páálí funfun kan sí i, mo sì sùn. Páálí náà kò funfun mọ́ nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ọ̀pá tí a fi ń wọn ọ́ìlì sì fi hàn pé ó ti lọ sílẹ̀. Bí iná pupa tí wọ́n yà bí agolo ọ́ìlì bá tàn níwájú awakọ̀ lójú ọ̀nà, irin lè ti máa ha irin nìyẹn, ẹ́ńjìnnì sì lè kú kí ó tó rí ibi dúró sí. Mo ránṣẹ́ sí Màmá pé kí wọ́n má retí mi mọ́.

Ọ̀gá gbà á padà, ó fi gọ́ọ̀mù àti rọ́bà tín-ínrín wé nọ́ọ̀tì, ó ní ó ti parí. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì mìíràn, ẹni tí ó tú nọ́ọ̀tì náà lójú mi, tí ó sì nu gọ́ọ̀mù kúrò: alumíníọ́mù tí ó ti ya wé e lọ́rùn, ó ń kọ mànà bí ìpẹ́ ẹja. Mo ya fọ́tò rẹ̀ kí a tó fọwọ́ kàn án sí i.

Fọ́tò yẹn ni mo gbé padà lọ. Ọ̀gá kọ́kọ́ ní ọkọ̀ mi ló ti gbó, lẹ́yìn náà ó ní ọmọdé ló ṣe é. Bàbá àgbà kan tí ó jókòó sí ẹnu ọ̀nà dá sí i, wọ́n ní bí a bá fi ọwọ́ òsì na ọmọ, ọwọ́ ọ̀tún ni a ó fi fà á mọ́ra. Mo kúnlẹ̀, mo ní, “Bàbá, mo ti fi orí ji ọmọ náà, àwo ọ́ìlì ni kò tíì fi orí jì mí.” Wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo wá rán ọ̀gá létí pé nínú òfin tí Faransé fi sílẹ̀ fún wa, ẹsẹ 1384, oníṣẹ́ ọwọ́ ni ó ń dáhùn fún ohun tí ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ bá bàjẹ́ nígbà tí ó wà lábẹ́ ìtọ́jú rẹ̀. N kò pariwo. Mo ti ṣàkíyèsí pé bí oníbàárà bá ti ń pariwo, ariwo náà ni gbogbo àdúgbò yóò dá sí, wọn yóò sì gbàgbé ọkọ̀.

Ọ̀gá ra àwo àlòkù tí ó dára, òun fúnra rẹ̀ ni ó sì fi sí i, láìgba owó iṣẹ́. Ọmọ náà ń wò ó; ọwọ́ lásán ni ọ̀gá fi yí nọ́ọ̀tì náà wọlé ná, kí ó tó fi sípánà kúkurú fún un níwọ̀nba.

Ó ku owó ọ́ìlì kejì, 14,000 sẹ́fà, tí mo san láti inú àpò mi. Ọ̀gá ní òun yóò yọ ọ́ nínú fidáǹjì mi tí ń bọ̀. N kò tíì mọ̀ bóyá ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo tún ń gbé e lọ.